Ohun Tí Bàbá Kúdí Bi Mí ní Ilé-Ogbó

Ilé wa, Ìwó.
Ọjọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun àsárì.

Mudaṣíru Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ooru Ìbàdàn. Ara ìyá rẹ le. Èmi náà wà, àfi orúnkún òsì tó máa ń bá mi jà bí mo bá fẹ́ dìde lórí ìrun. Mo mọ̀ pé àyà rẹ yóò já bí o ṣe rí lẹ́tà, nítorí ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé tí a wà yìí? Fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ láti àná, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ìwé kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Jókòó kí o kà á. Bí inú bá bí ọ láàárín, bínú, ṣùgbọ́n kà á tán.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Lánàá Sọ́ńdè, bàbá Kúdí, àfẹ́sọ́nà rẹ, ránṣẹ́ pè mí sí Ilé-Ogbó. Wọ́n ní kí n má mú ẹnikẹ́ni dání. Wọ́n fún mi lómi tútù, a sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ kòkó, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí gbogbo ará ilé jáde. Wọ́n ní, "Bàbá Mudaṣíru, ẹ má bínú sí mi, ìwádìí la wà lórí rẹ̀. A ti bèèrè àrùn ìdílé, wọ́n ní kò sí. A bèèrè ìwà ọmọ, wọ́n ní ó dáa. Ó ku ẹyọ kan, mi ò sì fẹ́ bi ará ìta. Ṣé ọmọ yín ń mutí?"

Mo gbé ife omi sẹ́nu. Kò sí omi nínú rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ mo gbé e sẹ́nu.

Ohun tí mo fi dá wọn lóhùn, n óò sọ ọ́ fún ọ kí n tó gbé bírò sílẹ̀. Èyí tí o ní láti mọ̀ báyìí ni pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, a ń padà lọ síbẹ̀, èmi àti ìwọ. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ lọ́jọ́ náà ni yóò sọ bóyá a ó so yìgì tàbí a ò ní so ó, Bàbá Kúdí kì í sì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Má bi mí pé ta ló sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Nígbà tí o wálé Iléyá, o fẹ́ bomi àlùwàlá sí mi lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n débi pé ẹsẹ̀ mi ni omi ń dà sí. Oòrùn kò tíì là. O wọ yàrá lọ, o padà jáde, ọwọ́ rẹ ti dúró ṣinṣin. Mo rí ìgò nínú báàgì rẹ, mo sì bi ọ́. O ní, "Bàbá, àgbo ẹ̀yìn ni. Kì í ṣe ọtí."

Àkànní, ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni mo ni ín. Bí o ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ni mo ṣe máa ń sọ ọ́ kí a tó bí ọ.

Nígbà tí bàbá ìyá rẹ wá ṣe ìwádìí tèmi nínú agboolé wa yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n bi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọtí kẹ̀? Ọmọ alfa ni. Kò tiẹ̀ mọ bí ọtí ṣe ń rùn." Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, inú mi sì dùn. Wọn kò fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n rò pé bí mo bá ti gbéyàwó, n óò jáwọ́. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ tó sọ tirẹ̀ fún mi: "Gbogbo agboolé yín ló mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni èmi tí mò ń bọ̀ wá bá ọ gbé."  Ìyàwó kì í ṣe oògùn ọtí, ọmọ mi. Má fi Kúdí ṣe oògùn.

Nítorí náà, mo fẹ́ ro ẹjọ́ ara mi fún ọ, kí o mú ohun tó bá wúlò níbẹ̀.

Èkínní ni ọ̀rọ̀ àgbo yìí. Jẹ̀dí ni mo kọ́kọ́ sọ pé mò ń wò. Nínú ilé bíi tiwa, ẹni tó bá gbé ìgò ọtí wọlé yóò rí ìjà. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé ìgò àgbo, tí egbò igi inú rẹ̀ hàn, wọn á ní kí Ọlọ́run fi ṣe ìwòsàn. Ọjọ́ kan, ìyá mi fúnra wọn gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣe bísímílà sí i, wọ́n tutọ́ àdúrà sí i, wọ́n sì dá a padà fún mi. Mo mu ún tàdúràtàdúrà. Ife kan láàárọ̀ di méjì, méjì di ìgò. Nígbà tó yá, n kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ bí n kò bá tíì mu ún. Èmi aránṣọ! Jẹ̀dí náà kò sì lọ. Bí wọ́n bá fi omi rẹ egbò, àgbo ni. Bí ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ògógóró lo ń mu, egbò kàn ń wẹ̀ nínú rẹ̀ ni.

Èkejì, má fi ààwẹ̀ tan ara rẹ jẹ. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Bí oṣù Ràmàdáánì bá ti wọlé, n óò fi í sílẹ̀, n óò gba ààwẹ̀ mi pé, n óò sì máa sọ nínú ara mi pé ẹni tí ọtí bá ń dè kò lè fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, torí náà kò de èmi. Ọjọ́ ìtúnu kọ́ ni n óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ro ibi tí n óò ti rí i. Mo ti ní i nílé. Ní ọdún tí mo ṣe é kẹ́yìn, ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù, òógùn bò mí, mo sì ń rí eèrà lórí aṣọ tí kò sí eèrà kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà gìrì mú mi. O rántí ọjọ́ yẹn. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọ́, a ní ibà ni. Kì í ṣe ibà. Dókítà ní ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára tó bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ já a kúrò lẹ́nu lójijì láìsí ẹni tó ń mójú tó o, nítorí ó lè pa á. Nítorí náà, kí o tó ṣe akin, lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí o sọ iye tí ò ń mu fún wọn. Sọ ọ́ pé. Má dín in kù bí ẹni tó ń ná ọjà.

Ẹ̀kẹta, má búra. Èyí nira fún mi láti kọ. Ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá mi, èmi ló yẹ kí n wọ inú sàréè kí n gbà wọ́n sílẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti mu ife méjì láàárọ̀ kí n lè dúró lórí ẹsẹ̀ mi. Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kan ṣoṣo tẹ̀ mí láyà, ó ní, "Ràímì, dúró sókè." Kò pariwo. Gbogbo àwọn tó yí wa ká ló ti gbóòórùn mi, gbogbo wọn sì gbójú sí ibòmíràn. Ọmọ àbúrò bàbá mi ló gba òkú bàbá mi. Mò ń sunkún bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, n kò sì tijú láti sọ fún ọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé Kùránì lé àyà, mo búra pé ó parí. Kò pé oṣù kan tí mo tún padà sídìí rẹ̀. Ìbúra náà kò gbà mí lọ́wọ́ ọtí, ó kàn kọ́ mi ní ìfarapamọ́ ni, nítorí ẹni tó ti búra kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí i mọ́. Abẹ́ àkísà ní ṣọ́ọ̀bù ni ìgò mi ń sùn láti ọjọ́ náà lọ. Nítorí náà má wá búra níwájú mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, má sì búra fún Kúdí.

Nígbà tí gìrì yẹn mú mi, ìyá rẹ gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà ló gbà wá. Ó bi mí bóyá mo máa ń mutí. Mo ní rárá o, àgbo ni. Kò bá mi jiyàn. Ó ń kọ̀wé rẹ̀ lọ, ó ní, "Kí ni wọ́n fi rẹ àgbo náà, bàbá?"

Mo wo ìyá rẹ. Ìyá rẹ ń wo fèrèsé. Mo ní, "Ògógóró." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu lójú ènìyàn. Nọ́ọ̀sì náà ní ibì kan wà tí àwọn tó ń bá ọtí jà ti máa ń pàdé, tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ó ní oògùn tí òun fún mi yóò mú ara mi balẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní oògùn tí yóò máa bá mi gbé. Mo gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba ìwé ìpolówó, mo tì í bọ àpò. Ìyá rẹ ló yọ ọ́, ó ní àfi kí n lọ.

Ibẹ̀ ni mo ń lọ ní gbogbo Sátidé láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ rò pé yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé Olúpọ̀nnà ni mò ń lọ wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni mo pa fún yín. Má tíì bínú, n óò padà sórí ìyẹn.

Ní ti lílọ, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe lọ, kí ìwọ má baà lọ bẹ́ẹ̀. Mo gbà láti lọ sí Olúpọ̀nnà nítorí mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀. Mo ní kí ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ nítòsí ọjà, mo wá fẹsẹ̀ rìn yíká bí olè. Mo dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì tí wọ́n ti ń pàdé, ta ni mo bá? Ọkùnrin ará Ìwó kan tí a jọ ń kírun Jímọ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, òfin ibẹ̀ nìyẹn, má sì jókòó máa ro ẹni tó jẹ́. Ó ní òun wá kí ìyá ìyàwó òun. Mo ní èmi wá wọn aṣọ fún ẹnì kan. Ó wo ọrùn mi, ó ní, "Téèpù dà?" Mo ní, "Ìyá ìyàwó yín dà?" A jọ wọlé.

Orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé ni àwọn tó wá jókòó sí, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ọjọ́ náà ló ń darí wọn. Onígbàgbọ́ ni, ọtí ló sì pa ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn mí, mo dìde, mo ṣe àúsù, mo ṣe bísímílà, mo sì bẹ̀rẹ̀ wáàsí. Mo kéwú, mo túmọ̀ rẹ̀, mo naka sí wọn, mo sọ ìyà tó ń dúró de ọ̀mùtí lọ́run. Ọmọ alfa ni mí, kí ni ǹ bá tún mọ̀ ọ́n ṣe? Òórùn ògógóró sì ń ti ẹnu mi jáde pẹ̀lú hádíìsì. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Nígbà tí mo ṣe tán, obìnrin náà ní, "Ẹ ṣé o, bàbá. A ti gbọ́ ti ọtí. Ẹ sọ tiyín fún wa wàyí."

Mo bínú jáde. Oṣù méjì ni n kò padà síbẹ̀, mo sì mutí kún oṣù méjèèjì náà.

Ọkùnrin tí n kò dárúkọ yẹn ló dá mi padà. Ó mú ṣòkòtò wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n bá òun rán ibi tó ya. Mo yẹ ṣòkòtò wò lọ́tùn-ún lósì, kò ya níbì kankan. Mo sọ fún un. Ó ní, "Mo mọ̀ pé kò ya. Ọ̀rọ̀ Sátidé ni mo bá wá."

Mo tẹ̀ lé e lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọkùnrin kan tó kéré sí ọ báyìí dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àwa àgbà ná, kó tó dìde sọ bí òun ṣe ta ilẹ̀kùn ilé ìyá òun mutí. Bàbá kan wà tó wá láti abúlé lẹ́yìn Kuta, òrìṣà ni wọ́n ń bọ nílé wọn. Ó ní bí ètùtù bá dé, wọn á gbé ọtí fún òun, òun á ta á sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, òun á sì fi omi kan ẹnu. Ó ní àwọn mọ̀lẹ́bí kọ́kọ́ pariwo, nígbà tó yá wọ́n dákẹ́. Èmi tí mo ti na ọ̀run àpáàdì sí wọn lójú, mo dìde, mo ní, "Ràímì lorúkọ mi. Wọn ò jẹ́ kí n sin bàbá mi." Mo jókòó. Kò sẹ́ni tó wáàsí fún mi. Wọ́n kàn sún mọ́ mi lórí bẹ́ǹṣì. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ sì bi mí pé kí ló ṣe mí.

Ìmọ̀ràn tó wà nínú rẹ̀ (n kò mọ iye tí mo kà dé mọ́) ni pé kí o má lọ bí oníwáàsí, má lọ bí olùwòran, má sì wo ẹ̀sìn ẹni tó jókòó tì ọ́. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ní Ìbàdàn níbẹ̀, bèèrè nílé ìwòsàn tí o bá lọ. Sọ pé ò ń wá àwọn tó ń pàdé láti ran ara wọn lọ́wọ́ kúrò nínú ọtí. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ní òun kò mọ̀, bi ẹlòmíràn. Bí o bá dé ibì kan tí ẹni tó ń darí bá ń ta oògùn, tàbí tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀. Bí o bá sì ṣubú, padà lọ ní Sátidé kejì. Èmi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì mí, ọmọkùnrin tó ta ilẹ̀kùn ọ̀hún ló dìde tó ní, "Bàbá, ẹ wọlé, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Wàyí o, irọ́ yunifọ́ọ̀mù. Mo rò pé mò ń gba orúkọ ilé wa sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní Iléyá, nígbà tí omi àlùwàlá ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, mo rí ohun tí mo ṣe. Mo ti fi àìsàn pamọ́ fún ọ, mo sì tún fi ibi tí mo ti rí ìwòsàn pamọ́. O rí bàbá tó ń mu àgbo, o kò rí bàbá tó ń lọ sí Olúpọ̀nnà. Ohun tí o rí náà lo kọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi sì wà lọ́jà tán, mo ń wo ibòmíràn. Mo bẹ̀ ọ́, Àkànní, dárí jì mí.

Ohun tí mo sọ fún Bàbá Kúdí nìyí. Nígbà tí mo gbé ife òfìfo sílẹ̀, irọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti wà ní orí ahọ́n mi, ó ti mọ ọ̀nà. Mo gbé e mì. Mo ní, "Àlàájì, èmi ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ tèmi." Mo sì sọ tèmi fún wọn láti orí jẹ̀dí títí dé orí sàréè, títí dé Olúpọ̀nnà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí ní gbogbo àyíká yìí àfi ìyá rẹ àti àwọn tí a jọ ń jókòó. Mo ní, "Ní ti ọmọ mi, ẹnu rẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ọ. N óò mú un wá."

Bàbá Kúdí bu omi sínú ife mi. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ní òun ń mu ún, òun sì ń wá bí òun yóò ṣe bọ́, èmi àti ẹ̀ lè jọ sọ̀rọ̀, àní bó bá gba kí a sún ọjọ́ yìgì síwájú. Ẹni tó bá ní òun kò mu ún, tọ́wọ́ ẹ̀ sì ń gbọ̀n, mi ò ní fọmọ mi fún un."

Nítorí náà, wálé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ní Sátidé, a ó jọ lọ sí Olúpọ̀nnà, n óò jókòó tì ọ́, bí o kò bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, má sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun yóò tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà, pé òun fẹ́ fojú ara òun rí ibi tí ọkọ òun ń lọ láti ọjọ́ yìí.

Ní Sọ́ńdè, a ó jókòó lórí ẹní ní ilé Bàbá Kúdí. N kò ní sọ pé ò ń mutí, n kò sì ní sọ pé o kì í mu ún. Bí o bá sọ òtítọ́, n kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọn yóò sọ sí ọ tí kò ní kọ́kọ́ ba èmi. Bí o bá sọ pé àgbo ni, n óò dìde lórí ẹní náà, n óò wọ bàtà mi, n óò sì máa lọ sílé níṣojú gbogbo wọn.

Àkànní, mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run, má jẹ́ kí n dìde.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràímì.